Ojú Tó Mọ̀ Pé Wọ́n Ń Wo Òun

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni mí, ọmọ ọdún 24. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí mo ti ń ṣe módẹ́ẹ̀lì: mo ń rìn níbi ìfihàn aṣọ ní Kútọnu, mo sì ń ya fọ́tò fún àwọn tó ń ta áńkárá àti àwọn aránṣọ. Gíga mi jẹ́ mítà 1.78. Fíìmù ni ọkàn mi wà báyìí. Mo ti lọ síbi tí wọ́n ti ń yan òṣèré lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sọ pé mo rẹwà, wọn ò sì pè mí mọ́. Ẹnì kan nínú wọn ló là á mọ́lẹ̀ pé fọ́tò ni mò ń yà láàárín eré. Ẹlòmíì ní kí n mú 150,000 sẹ́fà wá kí òun tó fún mi ní ipa. Kí ni mò ń ṣe tí kò tọ́? Ṣé kí n san owó náà? Yorùbá ni kí n fi ṣe é ni, àbí Faransé?"

Ìdáhùn: Àbúrò, má san owó náà. Màá padà síbẹ̀ tó bá yá, nítorí ọ̀rọ̀ owó kò le tó ọ̀rọ̀ tí ẹni àkọ́kọ́ yẹn bá ọ sọ. Ó ní fọ́tò lò ń yà láàárín eré. Àyẹ̀wò gidi nìyẹn, ọ̀fẹ́ ló sì fún ọ. Ọ̀pọ̀ módẹ́ẹ̀lì ni wọ́n kàn máa ń rẹ́rìn-ín sí lẹ́nu ọ̀nà, tí wọn ò ní sọ ìdí tí fóònù ò fi dún mọ́.

Ohun tó fà á rèé. Ọdún márùn-ún gbáko lo ti fi kọ́ ara rẹ pé bí kámẹ́rà bá ti kọjú sí ọ, kí o mọ̀ ọ́n lára. Àgbọ̀n á wálẹ̀ díẹ̀, ọrùn á gùn, ejìká á lọ sẹ́yìn, ètè á ṣí díẹ̀, ojú á wá tòrò bí omi àmù. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Aṣọ ni òǹwòran wá wò níbẹ̀, ojú tó bá ń sọ̀rọ̀ jù á gba ìran mọ́ aṣọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù, ojú yẹn gan-an ni ọjà tí wọ́n pàtẹ. Òǹwòran fẹ́ rí ẹni tí kò fura pé ẹnikẹ́ni ń wo òun. Ojú tó bá ti fura, kíá ni kámẹ́rà máa mú un.

Ìwọ náà á ti wòran Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí, ìbáà ṣe ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́ níbẹ̀. Igi ni ojú tí à ń rí lórí ẹni tó ń jó. Igi kì í ṣẹ́jú, kì í fajú ro. Ẹsẹ̀ tí wọ́n kó irin sí ló ń dá ìlù lóhùn, ìdí àti ejìká ló ń sọ ohun tí ẹnu kò sọ. Iṣẹ́ tí o ti ń ṣe bọ̀ sún mọ́ ìyẹn: ara ló ń sọ̀rọ̀, ojú ń ṣe igi. Fíìmù ní kí o sọ igi náà kalẹ̀ lórí, kí a rí ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ.

Ojú ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Níbi fọ́tò, inú dígí kámẹ́rà gan-an ni wọ́n ní kí o wò, o sì ti wò ó tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ fi ń lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Níbi fíìmù, àfi tí olùdarí bá ní kí o wo ibẹ̀, dígí yẹn kò sí láyé. Bí o bá ṣèèṣì wò ó fírí, ohun tí gbogbo èèyàn ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ìran yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ ó tún un yà. Bí o ṣe máa já ara rẹ gbà nìyí: gbé fóònù rẹ ka ibi tó ga dọ́gba ojú rẹ, tẹ̀ ẹ́ kó máa gba àwòrán sílẹ̀, kí ìwọ àti ẹnì kan nílé jókòó máa sọ ọ̀rọ̀ gidi, bíi ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ tàbí ti onílé, fún ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà wò ó, kí o ka iye ìgbà tí ojú rẹ sá lọ sínú fóònù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ iye náà á bà ọ́ lẹ́rù. Máa ṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí kò bá sá lọ síbẹ̀ mọ́ rárá, sún fóònù náà títí á fi kù díẹ̀ kó kan etí ẹni tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ló le.

Ìdí tí mo fi ní kí o sún un mọ́ etí ni pé bí kámẹ́rà bá fẹ́ mú ojú rẹ nìkan, ẹni tí ẹ jọ ń ṣe é máa ń dúró gbágbáágbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ni kí o wò, èyí tó sún mọ́ dígí jù, kí o má kúrò lórí rẹ̀. Nílé, ojú wa máa ń lọ ó ń bọ̀ láàárín ojú ọ̀tún àti ojú òsì ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń rí i. Lójú sinimá, ìlọ-bọ̀ yẹn á dà bíi ti ẹni tó ń parọ́. Ti ojú ṣíṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ láti máa la ojú sílẹ̀ kí fọ́tò má baà bàjẹ́. Nínú fíìmù, ẹni tí kì í ṣẹ́jú á dà bí ère, tàbí bí ẹni tó fẹ́ ṣe èèyàn léṣe. Má ka iye ìgbà tó yẹ kí o ṣẹ́jú o. Bí èrò bá yí padà nínú èèyàn, ojú á ṣẹ́ fúnra rẹ̀. Jẹ́ kí èrò wà ńbẹ̀ ná.

Èrò yẹn ni ọ̀rọ̀. Gbé e báyìí: ọkọ wọlé ní aago méjì òru. Ìyàwó jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà tí yóò fi din àkàrà láàárọ̀. Gbólóhùn kan ni wọ́n kọ fún un: "Ṣé ẹ ti jẹun?" Módẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á ní ìbínú ni, á ṣe ojú ìbínú, ojú náà á dára bíi ti iwájú ìwé ìròyìn, kò sì ní dun ẹnikẹ́ni. Èèyàn ò lè ṣe ìbínú. Ohun téèyàn ń wá lọ́wọ́ ẹlòmíì ló ṣeé ṣe. Ṣé ó fẹ́ kí ọkọ jẹ́wọ́ ibi tó ti ń bọ̀ ni? Ṣé ó fẹ́ kó tètè sùn, kí ìyá ọkọ tó wà ní yàrá kejì má baà gbọ́? Àbí ó fẹ́ kó sún mọ́ òun, kí òun lè gbọ́ òórùn aṣọ rẹ̀? Gbólóhùn kan náà ni, ojú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa jáde, o ò sì ní ṣètò ìkankan nínú wọn. Nítorí náà, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ fún ọ, má kọ "ìbànújẹ́", má kọ "ayọ̀". Kọ ohun tí o fẹ́ kí ẹnì kejì ṣe: kó jẹ́wọ́, kó jáde, kó bẹ̀ mí, kó dákẹ́.

Wá ẹ̀wà gidi, èyí tó ní òkúta nínú. Gbé àtẹ sórí itan, máa ṣà á, kí ẹnì kan máa ka ọ̀rọ̀ ọkọ fún ọ láti ẹ̀gbẹ́ fóònù. Ọwọ́ tó bá ní iṣẹ́ lóòótọ́ máa ń jẹ́ kí ojú gbàgbé ara rẹ̀. Ẹ ṣe é bíi ìgbà mẹ́wàá, kí o wá máa ṣọ́ ìgbà tí ọwọ́ bá dúró láì jẹ́ pé o rán an níṣẹ́. Bóyá nígbà tó ní "ìpàdé ló pẹ́" ni ìka rẹ kàn wà lórí òkúta kan, tí o ò mú un, tí o ò sì fi í sílẹ̀. Níbẹ̀ ni eré wà. Má fi ojú kún un. Ẹ̀ẹ̀kan tí o bá rí i nínú fóònù rẹ pé ìka kan tó dúró ju gbogbo ojú tí o mọ̀ ọ́n ṣe lọ, o ti mọ ohun tí ẹni tó ní fọ́tò lò ń yà ń bá ọ sọ.

Kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú pé orí ọ̀rọ̀ wo ni ọwọ́ dúró. Wọn kì í ya ìran kan lẹ́ẹ̀kan kó tán. Wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ yà á láti òkèèrè kí gbogbo yàrá lè hàn, wọ́n á wá sún mọ́ ìwọ, wọ́n á yí kámẹ́rà padà sí ẹnì kejì, wọ́n á tún mú ọwọ́ nìkan. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ máa sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó ń gé fíìmù ló máa so wọ́n pọ̀. Bí ọwọ́ bá dúró lórí "ìpàdé" lẹ́ẹ̀kan, tó wá dúró lórí "pẹ́" lẹ́ẹ̀kejì, tàbí tí ife wà lọ́wọ́ ọ̀tún níbí, tó wà lọ́wọ́ òsì lọ́hùn-ún, kò ní rí i so. Yóò fi ojú ẹnì kejì bò ó, ìwọ á wá jókòó níwájú sinimá máa bèèrè pé níbo ni iṣẹ́ òun wà. Ọgbọ́n kan tún wà nínú ètò yẹn: má fi gbogbo omijé rẹ tán nígbà tí kámẹ́rà ṣì wà lókèèrè tó sì ń mú àpótí aṣọ àti aago ara ògiri. Ṣe é tọkàntọkàn, àmọ́ fi èyí tó kù pamọ́ de ìgbà tó bá sún mọ́ ọ. Bi olùdarí tàbí igbákejì rẹ̀ ibi tí wọ́n fẹ́ gé àwòrán dé: ṣé àyà ni, àbí ìbàdí? Kò sẹ́ni tí yóò bú ọ pé o bèèrè. Ojú tó kún sinimá kò nílò àṣejù.

Ìrìn wá kù, àti gíga. Níbi ìfihàn aṣọ, ẹsẹ̀ kan ń tẹ iwájú ẹ̀kejì lórí ìlà kan, ìbàdí ń yí, ojú wà ní òpin pápá. Kò sẹ́ni tó ń rìn bẹ́ẹ̀ lọ sí ọjà Ouando. Bu omi lítà mẹ́wàá sínú báàfù, kílò mẹ́wàá nìyẹn, rù ú yí ká àgbàlá. Wàá rí i pé ẹsẹ̀ á yà sọ́tọ̀, eékún á rọ̀, ọrùn á ṣiṣẹ́ tí kì í ṣe ti ẹwà. Sọ báàfù kalẹ̀, kí o tún rìn bí ẹni pé ìdá mẹ́ta ẹrù náà ṣì wà lórí. Lẹ́yìn ìyẹn, jókòó lẹ́bàá ọjà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yan ẹnì kan ṣoṣo, kí o wo ohun tó ń ṣáájú lára rẹ̀: àyà ni, ikùn ni, àbí iwájú orí? Ìrìn rẹ kò burú o. Ipa ìyàwó ọlọ́rọ̀ àti ti ọmọ tó ti òkè òkun dé ń bẹ tó máa fẹ́ ẹ. Kó má jẹ́ òun nìkan lo ní ni.

Ibi tí iṣẹ́ àtijọ́ ti máa gbè ọ́ ni àmì ilẹ̀. Wọ́n á lẹ téèpù sílẹ̀, níbẹ̀ ni kí o dúró láì wolẹ̀. Bí kámẹ́rà bá sún mọ́ ọ tó sì jẹ́ pé ojú nìkan ló mọ́ kedere, bí o bá fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá kọjá àmì, ojú rẹ á di bàìbàì. Dúró lórí àmì náà, fi ìrìn rẹ gan-an rìn sẹ́yìn dé ibi tí o ti máa bẹ̀rẹ̀, kí o ka ìṣísẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà, mẹ́fà ni wàá rìn bọ̀. Módẹ́ẹ̀lì máa ń tètè mọ èyí ju àwọn tó ti orí ìtàgé wá lọ.

Ti mítà 1.78, má tẹ̀ ba, má ká eékún. Ìṣòro oníkámẹ́rà ni, ó sì ní oògùn rẹ̀: àpótí igi kan wà tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹnì kejì, odidi rẹ̀ ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20, ìdajì rẹ̀ 10, ìdá mẹ́rin rẹ̀ 5. Ìwọ sáà mú bàtà pẹlẹbẹ dání, kí o kọ gíga rẹ bó ṣe rí sínú ìwé. Ẹni tó gbé 1.72 kalẹ̀ tó wá ga ju ọkọ inú eré lọ lọ́jọ́ iṣẹ́ ló ń bí wọn nínú.

Ohùn ni ibi tí ọ̀pọ̀ yín ti ń já. Módẹ́ẹ̀lì lè ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún láì la ẹnu. Ikùn tí o ń fà mọ́ ẹ̀yìn kí aṣọ lè jókòó dáadáa ni kì í jẹ́ kí èémí wọlé: àyà lo fi ń mí, ohùn á tín-ín-rín, gbólóhùn gígùn á já láàárín. Dùbúlẹ̀ lórí ẹní, gbé ìwé tó wúwo lé ìdodo. Mí sínú kí ìwé gbéra, ka oókan dé ẹẹ́rin, wá fi "sss" tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Bí o bá dé ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, o gbìyànjú. 30 ni kí o máa lé. Lẹ́yìn rẹ̀, ka ìwé sókè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Yorùbá lọ́jọ́ kan, Faransé lọ́jọ́ kejì, gbà á sílẹ̀, kí o sì gbọ́ ọ títí dópin bó ti wù kó tì ọ́ lójú tó.

Ohun kan wà tí ẹni tó ń fi Faransé kọ́ni ní eré kò ní sọ fún ọ, torí pé èdè wọn kò ní ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Bí èèyàn bá ń sunkún tàbí tó ń lọgun, ohùn rẹ̀ á gbéra, ohùn ìsàlẹ̀ àti ti àárín á wá lẹ̀ mọ́ ti òkè. Opó fẹ́ sọ pé "Ọkọ mi dà?" Ẹkún gbé e lọ, ó di "Ọkọ́ mi dà?", ẹkún opó sì di ti àgbẹ̀ tí irinṣẹ́ rẹ̀ sọnù. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, olùdarí ò sì ní mọ ohun tó bà á jẹ́. Bí o ṣe máa ṣe é: pa ẹnu dé, fi imú kùn gbólóhùn náà bí ẹni tó ń fi dùndún sọ ọ́, títí orin inú rẹ̀ á fi dúró. Wá fi ọ̀rọ̀ sí orin náà láìsí ẹkún. Ìgbẹ̀yìn ni kí o fi ẹkún sí i, díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan tí kò mọ gbólóhùn náà tẹ́lẹ̀ máa gbọ́ ọ láti yàrá kejì. Bí ó bá lè tún un sọ fún ọ láìṣìṣe, ó ti tó.

O bèèrè èdè. Méjèèjì ni, àti Ègùn tí o ń gbọ́ ládùúgbò, àti Fọ̀n Kútọnu. Ọmọ Àjàṣẹ́ tó lè fi èdè mẹ́rin bínú ní ohun tí módẹ́ẹ̀lì tó rẹwà jù ú lọ kò ní. Àwọn eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń ṣe ní Kútọnu, Faransé ló pọ̀ nínú wọn, ọ̀rọ̀ wọn sì sábà máa ń wà nínú ìwé: há a sórí bó ṣe wà. Fíìmù Yorùbá tó ń ti Nàìjíríà wá ní àṣà mìíràn tó jogún láti ọwọ́ àwọn alárìnjó. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìtàn ni wọ́n máa sọ fún yín: "Ìwọ ló mú ìròyìn wá, òun kò ní gbà, ẹ jà, ẹ parí ẹ̀." Ọ̀rọ̀ ẹnu yín ni. Níbẹ̀, ẹni tí èdè rẹ̀ kò jinlẹ̀ á máa tún gbólóhùn kan sọ bíi kásẹ́ẹ̀tì tó há. Ìwọ àti ẹnì kan nílé, ẹ mú ìjà kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta, láì kọ ohunkóhun sílẹ̀. Ẹ gbà á sílẹ̀. Kí o wá ka iye "donc" àti "mais" ti Faransé tó bọ́ lẹ́nu rẹ. Ní Àjàṣẹ́ kò sẹ́ni tó ń gbọ́ wọn mọ́ létí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wò ó láti Ìbàdàn á gbọ́ gbogbo wọn. Má pa ohùn ìlú rẹ rẹ́ o. Ànàgó rẹ, tàbí ohùn Kétu tàbí ti Ṣábẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá, ipa wà tó ń wá a. Kí o sáà lè bọ́ ọ sílẹ̀ kí o sì tún gbé e wọ̀ nígbà tí o bá fẹ́. Abẹ́ní, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 2006, Yorùbá àti Faransé ló wà lẹ́nu àwọn òṣèré inú rẹ̀, nítorí náà ọ̀nà yẹn ti là.

Bí wọ́n bá wá ní kí o fi fídíò ìdánwò ránṣẹ́, èyí ni bó ṣe yẹ kó rí. Gbé fóònù ní ìbú, kì í ṣe ní òòró, lórí nǹkan tí kò ní mì, kí ojú rẹ̀ ga dọ́gba ojú rẹ. Láti àyà dé ìwọ̀nba díẹ̀ lókè orí ni kó mú. Ògiri lásán ni kó wà lẹ́yìn, kó má funfun jù. Kọjú sí fèrèsé, má kẹ́yìn sí i, ní bíi aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tàbí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn kò le. Bó bá jẹ́ iná gílóòbù lo máa lò, ṣí ètò kámẹ́rà fóònù, kí o yan fírémù 25 (àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) dípò 30: iná mànàmáná wa ń lù ní 50 hertz, nínú fírémù 30, gílóòbù olówó pọ́ọ́kú á máa jù lójú wọn bí iná tó fẹ́ kú. Pa fáànù. Ta aṣọ ìbora sórí okùn lẹ́yìn fóònù kí ohùn má máa ké padà lára ògiri. Òjò lórí páànù, àti àwọn zémìjàn (ọ̀kadà) tó ń kọjá, kò sí oògùn wọn ju kí o dúró kí wọ́n lọ. Ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ ẹnì kejì á dúró gẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, kó rọra sọ̀rọ̀, torí pé òun ló sún mọ́ ibi tó ń gba ohùn. Bí kò bá rọra, ohùn rẹ̀ á bo tìrẹ mọ́lẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, sọ orúkọ, gíga, ìlú àti àwọn èdè rẹ, kí o yí ojú sọ́tùn-ún, sósì, kí o jẹ́ kí wọ́n rí ọ láti orí dé ẹsẹ̀. Níbẹ̀ nìkan lo ti lè wo inú dígí. Ṣọ́ra: níbẹ̀ gan-an ni módẹ́ẹ̀lì inú rẹ ti máa jí. Dúró bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìran tí wọ́n fún ọ, ìṣẹ́jú kan sí méjì, oríṣi méjì tó yàtọ̀ síra, kì í ṣe méje. Ojú rẹ ń wo ẹni tó ń kàwé. Kọ orúkọ rẹ àti ti ipa sí ara fáìlì. Bó bá jẹ́ WhatsApp lo máa fi rán an, rán an gẹ́gẹ́ bí dókúmẹ́ǹtì, torí pé bó bá lọ gẹ́gẹ́ bí fídíò, yóò fún un mọ́lẹ̀ títí ojú á fi di ìyẹ̀fun.

Àwọn fọ́tò tí o ní kò wúlò fún èyí. Ya méjì tàbí mẹ́ta tuntun: láti ejìká sókè, láìsí ẹ̀gbà, láìsí àtíkè púpọ̀, irun bó ṣe máa ń wà lọ́jọ́ tí o kò lọ síbì kan. Yọ ìpéǹpéjú àtọwọ́dá àti èékánná tí wọ́n lẹ̀. Àwọn ló ń lé èèyàn kúrò nínú ipa ọmọ oko àti ti ayé àtijọ́ kó tó lanu. Bí o bá sì ń bóra, kámẹ́rà òde òní ń rí oríkèé ìka àti etí tí ìpara kò dé.

Ibo lo ti máa bẹ̀rẹ̀? Lọ́dọ̀ àwọn tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ ISMA wà ní Kútọnu tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní iṣẹ́ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe fíìmù ìparí ẹ̀kọ́ ń wá òṣèré tí kò ní gba owó púpọ̀, ìwọ sì ń wá ibi tí o ti máa ṣàṣìṣe láìsí ariwo. Ohun tí o máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìran tí o wà nínú rẹ̀. Ní kó fún ọ kí ẹ tó túká, kó má jẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Bí o bá ti ní mẹ́ta, gé wọn pọ̀ di fídíò ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ojú rẹ àti ohùn rẹ ni kó kọ́kọ́ jáde, má fi orin àti ìrìn ìfihàn aṣọ ṣí i. Ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé kan ní Àjàṣẹ́ á wúlò fún ohùn rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n ojú tí wọ́n ń lò níbẹ̀ pọ̀ jù fún kámẹ́rà. Bí iṣẹ́ bá sì pè ọ́ sí Nàìjíríà, gba ẹnubodè Ìgòlò bọ́ sí Ìdí-Ìrókò pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀ tàbí ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS ni ọ́, o lè lo 90 ọjọ́ láì gba físà.

Fi ọdún sí i, má fi oṣù. Ọmọ Kútọnu ni Djimon Hounsou, wọ́n bí i ní 1964. Ọ̀dọ̀ Thierry Mugler tó ń ṣe aṣọ ní Paris ló ti di módẹ́ẹ̀lì. Ó ti ní ipa kékeré nínú fíìmù ní 1990, ó tún ní òmíràn ní 1994, 1997 ló tó dé ipa ńlá nínú Amistad, níbi tó ti fi Mende, èdè Sierra Leone tí kì í ṣe tiẹ̀, sọ̀rọ̀. Ọdún méje nìyẹn. Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti yan orúkọ rẹ̀ fún Oscar. Charlize Theron ti South Africa náà ti ṣe módẹ́ẹ̀lì rí. Fíìmù tó fi gba Oscar ní 2004, ó sanra fún un, ó fi eyín àtọwọ́dá bo ti ẹnu rẹ̀, wọ́n sì fá irun òkè ojú rẹ̀ dànù. Mi ò ní kí o lọ ba ojú rẹ jẹ́. Ìbéèrè tí olùdarí ní lọ́kàn nígbà tó bá rí módẹ́ẹ̀lì ni pé, ṣé eléyìí á gbà kí n mú un kó burẹ́wà? Jẹ́ kí ó wà nínú fídíò rẹ pé o gbà.

Ó wá kan owó. Ẹni tó ń yan òṣèré kì í gba owó lọ́wọ́ òṣèré, àwọn tó ń ṣe fíìmù ló ń san tiẹ̀. Aṣojú ń gba ìdá tirẹ̀ lára owó tí o ti gbà, bíi 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti wọlé. Ọ̀tọ̀ ni owó ẹ̀kọ́ o. Nínú fíìmù Yorùbá, àṣà pé kí ẹni tuntun lọ forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀gá kan ti pẹ́, owó sì máa ń wà nídìí rẹ̀. Ìyẹn ṣeé san bí olùkọ́, ọjọ́, ibi ìpàdé àti ìwé ẹ̀rí owó bá wà. Ẹni tó ní "san owó kí n fún ọ ní ipa", ipa ló ń tà, lọ́pọ̀ ìgbà kò sì sí fíìmù kankan níbẹ̀. Ìdánwò tún máa ń wáyé lọ́sàn-án, ní ọ́fíìsì tàbí gbọ̀ngàn. Bí wọ́n bá pè ọ́ sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́, mú ẹnì kan dání, tàbí kí o jókòó sílé. Èmi yóò jókòó sílé.

Kí o tó fọwọ́ sí ìwé, wo iye ọjọ́ iṣẹ́, iye wákàtí lójúmọ́ àti ohun tí wọ́n máa san bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹni tó máa san owó ọkọ̀, oúnjẹ àti ibi ìsùn, ìgbà tí owó máa wọlé, ibi tí wọ́n lè lo àwòrán rẹ dé, àti ohun tí wọ́n kọ nípa aṣọ bíbọ́. Èyí tí wọn ò bá kọ, kà á sí pé kò sí. Tún lọ wo ìwé tí ìwọ àti àwọn aláńkárá jọ fọwọ́ sí. Ó ṣeé ṣe kó wà nínú rẹ̀ pé o ò gbọdọ̀ gé irun, tàbí pé ojú rẹ kò gbọdọ̀ polówó aṣọ ẹlòmíì títí ọjọ́ kan. Bí fíìmù bá sì ní kí o fárí ńkọ́? Ní kí wọ́n san owó iṣẹ́ tí irun yẹn máa gbé fò ọ́ títí yóò fi hù padà, kó sì wà nínú ìwé kí abẹ tó kàn ọ́ lórí.

Ní ti ọ̀gbẹ́ni 150,000, fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí i: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ fíìmù náà, ta ni olùdarí, ọjọ́ wo ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ta ló sì máa buwọ́ lùwé pẹ̀lú mi?" Ẹni tó ní fíìmù lọ́wọ́ kò ní rí i bí àfojúdi. Bó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lọ wádìí olùdarí yẹn. Bó bá tún jẹ́ owó ló kọ́kọ́ sọ, pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́, kí o lọ gbé àtẹ ẹ̀wà.